Gaya Lal Kì í Ṣe Àlọ́

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, bàbá ará Íńdíà kan ló ń bójú tó ìwé owó níbẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Haryana ni, kì í pariwo, kì í sì í jẹun ọ̀sán kó tó ka owó tán. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ọjà láàárọ̀, tó ní òun ò fẹ́ mọ́ lọ́sàn-án, tó tún wá pè nírọ̀lẹ́ pé kí a máa kó o bọ̀, bàbá yìí á kàn mi orí, á rẹ́rìn-ín sínú, á ní: "Aaya Ram, Gaya Ram." Dírẹ́bà wa kan wà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi di tiẹ̀. Ṣọ́jà ẹnu géètì ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá olóúnjẹ ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń dáhùn.

Mo bi bàbá náà léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní lédè Hindi, aaya ni "ó dé", gaya ni "ó lọ". Ram sì ni orúkọ tí ọkùnrin tí kò níye ń jẹ́ nílùú wọn. Mo tú u lọ́kàn mi sí "Lágbájá Ódé, Lágbájá Ólọ", mo sì gbà pé àlọ́ ni, pé bí àwa ṣe ní Ìjàpá, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ní Ódé-Ólọ tiwọn. Mi ò tún ronú kàn án mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ka ìròyìn kan nípa òṣèlú Haryana, tí mo sì rí i níbẹ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Gaya Lal lorúkọ rẹ̀. Aṣòfin ni. Ó bímọ, ọmọ náà sì ṣòṣèlú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mo bá ń fọ abọ́, tí mo bá wà nínú mọ́tò. Pé olóṣèlú kan fò láti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kọ́ ló ń dùn mí. Ta ni nínú àwa tó ń ka èdè yìí ni ìyẹn ṣàjèjì sí? Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé nínú gbogbo àwọn tó fò, kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń bú gbogbo wọn?

Ọ̀sẹ̀ méjì péré

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1966 ni wọ́n gé Haryana jáde lára Punjab. Nínú oṣù kejì ọdún 1967, wọ́n dìbò àkọ́kọ́. Ìjókòó 81 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun náà. Ẹgbẹ́ Congress mú 48. Àwọn 16 sì wọlé láìní ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: gómìnà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ní Delhi rán wá ni, kì í ṣe ẹni tí ará ìlú dìbò yàn. Ẹni tó ń ṣèjọba gan-an ni ẹni tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù nílé bá tì lẹ́yìn. Òun ni n ó máa pè ní olórí ìjọba. Bí àwọn aṣòfin bá sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́sàn-án, ó lè di ẹni tí kò níjọba mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bhagwat Dayal Sharma ti Congress gorí àga lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹta. Ẹni tó ní 48 nínú 81 yẹ kó sùn, kó hanrun. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni iná ti ràn. Àwọn kan kò rí ohun tí wọ́n ń retí nígbà tí wọ́n ń pín ipò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó búra, ilé fẹ́ yan abẹnugan. Sharma fa ẹni tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ nínú Congress fa Rao Birender Singh sílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, àwọn alátakò sì bá wọn dìbò fún un. Rao wọlé. Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn ló mọ̀ pé ìjọba ti kú, ó ku kí wọ́n sin ín. Àwọn ọmọ Congress méjìlá jáde, wọ́n pe ara wọn ní Haryana Congress. Àwọn aláìlẹ́gbẹ́ náà kóra jọ. Wọ́n parapọ̀ mọ́ àwọn alátakò, wọ́n sì sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, Rao Birender Singh ló wà lórí àga olórí ìjọba. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló wà láàárín ìbúra àkọ́kọ́ àti ìkejì.

Àárín kòókòó-jàn-án-jàn-án yìí ni Gaya Lal wà. Hassanpur ló ti wá, ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, létí odò Yamuna. Ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Dalit ni ti Hassanpur, àwọn èèyàn tí àṣà ilẹ̀ náà ti tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá láti ayébáyé. Láìlẹ́gbẹ́ ló wọlé. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú Congress. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó kúrò ní Congress bọ́ sí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan, ó kúrò níbẹ̀ padà sí Congress, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí mẹ́sàn-án, ó ti padà sí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan. Mo fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Wákàtí mẹ́sàn-án! Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Èkó lọ sí Àbújá lè má tíì débẹ̀.

Níwájú àwọn akọ̀ròyìn

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí, ibẹ̀ ni mo sì ń padà sí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí Gaya Lal fò lẹ́ẹ̀kẹta, Rao Birender Singh mú un lọ síwájú àwọn akọ̀ròyìn ní Chandigarh, olú-ìlú wọn. Ó ní kí wọ́n wò ó: Gaya Ram ti di Aaya Ram. Ólọ ti di Ódé.

Àwọn akọ̀ròyìn kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Kò pẹ́ tó fi dé Delhi, tí Y. B. Chavan, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fi ń lò ó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ láti fi bú gbogbo àwọn tó ń fò kiri. Láti ibẹ̀ ló ti wọ ìwé ìròyìn, ó wọ ọjà, ó wọ ilé, ó sì wọkọ̀ òfuurufú dé ọ́fíìsì kan ní Ìlúpéjú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ọkùnrin náà nínú gbólóhùn kan yẹn. Àkọ́kọ́, Lal ti sọnù. Ram ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kí àwàdà náà lè dùn létí, kó lè bá ẹnikẹ́ni mu. Ìkejì, Gaya kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìlú mímọ́ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bihar, tí àwọn ẹlẹ́sìn Hindu máa ń lọ láti ṣètùtù fún àwọn òbí wọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n etí tó bá gbọ́ Hindi ń gbọ́ "ó lọ" nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin kan ń jẹ́ Bọ̀dé, tí olóyè kan wá fà á lọ́wọ́ síwájú èrò, tó ní, "Ẹ wò ó o, Bọ̀dé tó lọ níjọ́sí, ó ti bọ̀, ó ti dé." Àwa náà á rẹ́rìn-ín. A ò ní fi ibi rẹ́rìn-ín. Àwa la máa ń sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, inú wa sì máa ń dùn tí ayé bá fi hàn pé òótọ́ la sọ.

Ṣùgbọ́n àwa náà la sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni Rao wò? Ọmọ Congress lòun náà lóṣù yẹn gan-an. Orí tíkẹ́ẹ̀tì Congress ló fi wọlé ìgbìmọ̀, Congress ló dà, àga tó ga jù ní ìpínlẹ̀ ló sì fi ìdà náà rí gbà. Bí ẹnì kan bá wà nínú yàrá yẹn tó yẹ kí wọ́n pè ní Ólọ, òun tó ń sọ̀rọ̀ ni. Òun ló sì ń sọmọ lórúkọ. Mo máa ń gbìyànjú láti fojú inú wo bí Gaya Lal ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin ìletò létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìdílé ọba tí wọ́n ń kí nílé lóko ní Rewari. Ṣé ó rẹ́rìn-ín? Ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá bá dá àpárá, tó jẹ́ ìwọ ló fi dá a, tí gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín, o máa rẹ́rìn-ín ni. Dírẹ́bà wa náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi fọ aṣọ Gaya Lal. Àwọn ará Hassanpur yan ẹni tí kò ní ẹgbẹ́, ó sì fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ká tó ṣẹ́jú. Ohun tí mo ń wí ò ju pé kì í ṣe òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà.

Àwọn tó fò jù ú lọ

Ìjọba Rao náà ò pẹ́. Bó ṣe fi àwọn tó fò wá kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ làwọn tó fò lọ ṣe ń tú u. Láàárín oṣù mẹ́jọ, aṣòfin kan wà nílé yẹn tó pààrọ̀ ibi tó jókòó sí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Orúkọ tirẹ̀ ò wọ àlọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò ṣeé fi dárà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1967, gómìnà kọ̀wé sí Delhi pé ọ̀rọ̀ ti sú òun, wọ́n tú ilé náà ká, Delhi sì gba ìṣàkóso.

Kì í ṣe Haryana nìkan. Ìgbìmọ̀ tí Chavan darí láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ka fífò 438 káàkiri Íńdíà láàárín oṣù méjìlá péré lẹ́yìn ìbò 1967. Èyí tó jẹ́ kí n gbé ìwé sílẹ̀ kí n lọ mu omi ni pé nígbà tí wọ́n wo aṣòfin 210 tó fò ní ìpínlẹ̀ méje, wọ́n rí i pé 116 nínú wọn ló di mínísítà nínú ìjọba tí fífò wọn gbé wọlé. Ó ju ìdajì lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fò nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó bá àga nílẹ̀ níbi tó bá balẹ̀ sí ju kó má bá a lọ. Ọjà ni. Àwọn tó ń rà wà, àwọn tó ń tà wà. Àlọ́ tó jáde níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ẹni tó ń rà rárá.

Ẹni tí mo kà sí ọ̀gá gbogbo wọn ni Bhajan Lal. Pakísítánì òní ni wọ́n ti bí i, ó sì ti ṣòwò ní Adampur, ní ẹkùn Hisar, kó tó bọ́ sínú òṣèlú. Lọ́dún 1979, ó fi ọgbọ́n fa àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Janata kúrò lẹ́yìn Devi Lal, ó sì gba àga olórí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì lo ọdún kan lórí rẹ̀ tí Indira Gandhi fi padà sórí oyè ní Delhi nínú oṣù kìíní ọdún 1980. Gbogbo ayé mọ̀ pé yóò tú àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ká. Bhajan Lal kò dúró dè é. Ó kó àwọn mínísítà rẹ̀, ó kó àwọn aṣòfin rẹ̀, ó sì gbé gbogbo ìjọba náà lódindi bọ́ sínú ẹgbẹ́ Congress. Wọ́n sùn gẹ́gẹ́ bí Janata, wọ́n jí gẹ́gẹ́ bí Congress. Ọ́fíìsì kan náà, mọ́tò kan náà, ọkùnrin kan náà lórí àga. Àsíá nìkan ló yí.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Wọn ò sọ ohun tí a ó máa pe ẹni tó gbé gbogbo ìsọ̀ lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ inú rẹ̀. Ní Haryana, olórí ìjọba ni wọ́n ń pè é, títí di 1986, àti láti 1991 títí di 1996.

Lọ́dún 1982, ìbò dé, kò sẹ́ni tó ní tó. Devi Lal kó àwọn aṣòfin tó tẹ̀ lé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Parwanoo, lórí òkè, ó sì fi ẹ̀ṣọ́ yí wọn ká kí ọwọ́ Bhajan Lal má baà tó wọn. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn yọ́ gba ara páìpù omi sọ̀ kalẹ̀ lóru, ó lọ bá Bhajan Lal. Gómìnà Tapase sì pe Bhajan Lal pé kó wá búra. Inú bí Devi Lal débi pé nígbà tó dé ilé ìjọba, ó nawọ́ di gómìnà mú ní àgbọ̀n níwájú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin orí páìpù yẹn ni mo máa ń ronú sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò tán, aṣòfin ni, ó ń fi ikùn wọ́ ara ògiri nínú òkùnkùn.

Àgbájọ ọwọ́

Lọ́dún 1985, lábẹ́ ìjọba Rajiv Gandhi ní Delhi, wọ́n ṣòfin sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ láti fòpin sí gbogbo rẹ̀. Aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, ìjókòó rẹ̀ bọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti dìbò bí ẹgbẹ́ ṣe ní kó dì í, ìjókòó rẹ̀ lè bọ́. Abẹnugan ni yóò dájọ́. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Títí di òní, tí àwọn ará Íńdíà bá ń sọ̀rọ̀ òfin náà, Gaya Lal ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Mo jókòó ka òfin náà, mo sì rí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ kan bá jáde pọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ ló pín, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Lọ́dún 2003 wọ́n ti ẹnu ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀kan tó tóbi jù ú lọ sílẹ̀: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá gbà láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ìdàpọ̀ ni, ìjókòó wọn kò yẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan ò gbérù dórí. Òwe ìṣọ̀kan ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Mi ò mọ̀ pé ó lè di òfin àwọn tó ń sá lọ.

Ẹ wá gbé Gaya Lal àti Bhajan Lal wá síwájú òfin òní. Òfin náà sọ ní pàtó pé aṣòfin tó wọlé láìlẹ́gbẹ́, lọ́jọ́ tó bá wọ ẹgbẹ́ kan, ìjókòó rẹ̀ bọ́. Kò sí ìdá méjì nínú mẹ́ta fún ẹni tó dá wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Gaya Lal kò ní dé ibi fífò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sínú Congress, kí Rao tó rí i rárá, ni wọ́n á ti lé e padà sí Hassanpur. Bhajan Lal ńkọ́, tó kó odindi ìjọba? Kó rí i pé iye náà pé, kó pè é ní ìdàpọ̀, kó padà sórí àga rẹ̀. Orúkọ ẹni kékeré ni wọ́n fi ta òfin náà fún ará ìlú. Ọgbọ́n ẹni ńlá ni wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ bá mi dé Goa, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Íńdíà. Nínú oṣù keje ọdún 2019, Congress ní aṣòfin 15 níbẹ̀. Mẹ́wàá bọ́ sí BJP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà, pọ̀. Mẹ́wàá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹ fi ìka kà á, ìdá méjì nínú mẹ́ta gẹ́lẹ́ ni, kò lé, kò dín. Ẹnì kan jókòó síbi kan tó ṣe ìṣirò yẹn. Ojú ti Congress débi pé nígbà tí ìbò 2022 ń bọ̀, wọ́n kó gbogbo olùdíje wọn lọ sí tẹ́ḿpìlì àwọn Hindu, wọ́n kó wọn lọ sídìí àgbélébùú àwọn Kristẹni, wọ́n kó wọn lọ sí ojúbọ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n ní kí wọ́n búra níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé àwọn ò ní fò. Wọ́n búra. Mọ́kànlá wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, mẹ́jọ ti lọ sí BJP. Ìdá méjì nínú mẹ́ta mọ́kànlá jẹ́ méje àti díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn, Digambar Kamat tó ti ṣe olórí ìjọba rí, sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé òun padà lọ sí tẹ́ḿpìlì láti bi òrìṣà, òrìṣà sì ní kí òun ṣe ohun tó bá dára lójú òun. Èmi tí mo ti rí ẹni tó ń da obì títí yóò fi yàn fún un, mi ò lè bínú sí i tán.

Ram kejì

Lẹ́yìn Gaya Lal, Ram mìíràn tún jáde ní Bihar. Nitish Kumar ni wọ́n ń pè ní Paltu Ram, ẹni tó ń yí bíríbírí. Òun kì í fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà lódindi ló máa ń gbé dání. Ó bá BJP lọ, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2013, ó padà ní 2017, ó tún kúrò ní 2022. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024, ó kọ̀wé fipò olórí ìjọba sílẹ̀ láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe àwọn alátakò, ó sì búra wọ ipò kan náà nírọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe BJP. Tirẹ̀ ò tó wákàtí mẹ́sàn-án pàápàá, mo rò. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó búra lẹ́ẹ̀kẹwàá. Àpèlé náà ò dí i lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹni tó ní odindi ẹgbẹ́ lẹ́yìn, àpèlé ò ju ìyẹ́ adìẹ lára rẹ̀ lọ, ó fẹ́ ẹ dànù, ó ń lọ.

Rao Birender Singh, ẹni tó sọmọ lórúkọ, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó kó o padà sínú Congress Indira Gandhi lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Delhi, ó sì tún wà nínú ìjọba Chandra Shekhar, tí kì í ṣe ti Congress, ní 1990. Ọmọ rẹ̀, Rao Inderjit Singh, pẹ́ nínú Congress kó tó bọ́ sí BJP nígbà tí ìbò 2014 ń bọ̀. Mínísítà lòun náà. Ọmọ-ọmọ Bhajan Lal wọlé ní Adampur lórí tíkẹ́ẹ̀tì BJP ní 2022, ó sì fìdí rẹmi níbẹ̀ ní 2024, lẹ́yìn tí ìdílé wọn ti di ibẹ̀ mú láti 1968. Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ìdílé méjèèjì yìí bú dírẹ́bà.

Udai Bhan lọmọ Gaya Lal. Òun náà ti ṣe aṣòfin, lẹ́ẹ̀kan láìlẹ́gbẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Lọ́dún 2022, Congress fi í ṣe alága ẹgbẹ́ ní gbogbo Haryana, ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ wọ̀ tó jáde, tó wọ̀ tó tún jáde. Nínú ìròyìn tí mo kà níjọ́sí, tó dá gbogbo èyí sílẹ̀, orúkọ òun ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ní ìlà kejì ni wọ́n ti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Bàbá náà kò sì kúrò nínú òṣèlú lẹ́yìn ọjọ́ Chandigarh, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ náà ń fi í ṣẹlẹ́yà. Ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Arya Sabha ní 1972. Ó bá olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Charan Singh lọ sínú ẹgbẹ́ Lok Dal ní 1974. Nígbà tí Lok Dal wọnú Janata, ó wọnú rẹ̀ pẹ̀lú wọn, àwọn ará Hassanpur sì tún dìbò fún un ní 1977, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ di àlọ́. Ní 1982, nígbà tí ẹnì kan ń gba ara páìpù sọ̀ kalẹ̀ ní Parwanoo, Gaya Lal ti tún jáde fún ìbò ìgbẹ̀yìn rẹ̀, láìlẹ́gbẹ́, bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò wọlé. Ó kú lọ́dún 2009.